Ọtí Ti Di Èèwọ̀ Mi: Ẹ Bá Mi Pa Á Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wúwo lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́, yóò máa pa wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọtí ni.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti jáwọ́ nínú ọtí. Nígbà tí mo pinnu láti jáwọ́, ibi tí ó ṣòro fún mi jù lọ láti wọ̀ ni ilé Ifá wa. Mo lè gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà kọjá níwájú ìsọ̀ onípáraga. Ta ni yóò wá yẹra fún ojúbọ àwọn bàbá rẹ̀? Níbẹ̀, bí a bá ti ta ọtí sílẹ̀ tán, ìgò a máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ní ọjọ́ awo kan, ìgò náà dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì kọ̀ ọ́. Àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o ti di onígbàgbọ́ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo gbà á, mo mu. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni n kò fi mọ ibi tí mo wà. N kò dá àgbà náà lẹ́bi, nítorí ohun tí ó bá nílẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: níbo ni a ti kọ́ wa pé dandan ni kí olùsìn mu ọtí?

Omi tútù ni a kọ́kọ́ ń ta sílẹ̀. Ṣínáàpù tí àwọn kan ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ọwọ́ àwọn oníṣòwò Òyìnbó ni a ti rà á. Ó bá emu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílẹ̀ ni, omi sì ṣáájú gbogbo wọn. Ẹ tún wo Ọbàtálá. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn bí ó ṣe mu emu lójú ọ̀nà nígbà tí Olódùmarè rán an níṣẹ́, tí oorun gbé e lọ, tí Odùduwà sì bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí emu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀ títí di òní. Òrìṣà ńlá tí ó mọ ara wa ṣubú nídìí ọtí, ó sì dìde. Ta ni yóò wá fi ẹni tí ó fẹ́ dìde ṣe yẹ̀yẹ́?

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun dì mú. Mo tọ olúwo mi lọ, mo tú ọkàn mi palẹ̀. Ó bi Ifá, Ifá sì fọwọ́ sí i pé kí ọtí di èèwọ̀ mi. Ó kéde rẹ̀ lójú gbogbo awo. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó na ìgò sí mi mọ́. Bí ènìyàn bá ní, "N kò mu," wọn yóò ní, "Tọ́ ọ wò díẹ̀." Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, "Èèwọ̀ mi ni," kálukú yóò pa ẹnu mọ́, nítorí a kì í fi èèwọ̀ ẹlòmíràn ṣeré. Gbogbo ilé ni ó ń bá ènìyàn pa èèwọ̀ mọ́. Agbára tí ó wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, òùngbẹ ọtí kì í tọrọ àyè kí ó tó wọlé. Ohun tí mo kọ́ ni pé bí òjò ni: ó lè le gan-an, ṣùgbọ́n yóò dá. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju ìdajì wákàtí lọ. Nígbà tí ó bá dé, mo máa ń kúrò níbi tí mo wà, mo máa ń mu omi tútù, mo sì máa ń jẹun, nítorí ebi a máa ru ú sókè. Lẹ́yìn náà, mo máa ń pe ọmọ awo kan tí òun náà ti jáwọ́. Kì í wàásù fún mi. Ohun tí ó máa ń bèèrè ni pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni ó bí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ní Akron, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1935. Ọtí ń fa Bill Wilson ní ìlú àjèjì. Dípò kí ó wọ ilé ọtí, fóònù ni ó gbé láti wá ọ̀mùtí mìíràn tí wọn yóò jọ sọ̀rọ̀, ó sì bá dókítà Bob Smith pàdé. Àwa tí a ní ẹgbẹ́ awo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kí a lè ṣe é?

Ẹ fi ìkìlọ̀ kan sọ́kàn. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá nìkan já a lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ọtí tí ara ń wá ni. Ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ. Kò sì sí ìjà láàárín ilé ìwòsàn àti ojúbọ: ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1950, dókítà Adéoyè Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti jọ tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin àgbà kò pọ̀. Ẹ gbé igbá omi sí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Ẹni tí ó bá mú omi, ẹ má ṣe bi í ní ìdí. Ẹni tí ó bá sì sọ fún yín pé òun fẹ́ jáwọ́, ẹ yan ènìyàn méjì tì í, tí ó lè pè lóru. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Ìṣẹ̀ṣe á gbè wá o. Àṣẹ.