Àfòpiná tó ń jẹ wá lágbàdo: ogun àjọjà ni, kì í ṣe ti ẹnì kan

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ń dáko ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ewékorò àti Ìfọ̀, ọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo lọ́kàn kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ lẹ́rán máa wò mọ́. Bí àgbàdo bá wọ́n, ọ̀gì yóò wọ́n, oúnjẹ adìẹ náà yóò sì wọ́n.

Oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò tí òyìnbó ń pè ní fall armyworm n'Ìbàdàn àti n'Ìkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Nígbà tó fi máa di ọdún 2018, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 nílẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ wo bó ṣe ń pọ̀ sí i. Abo àfòpiná kan lè yé tó 1,500 ẹyin. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, ẹyin ti di kòkòrò, kòkòrò ti di àfòpiná tó lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan. Òtútù ló ń pa á ní ọ̀pọ̀ ibi l'Ámẹ́ríkà. Tiwa kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àgbàdo àkùrọ̀ ló ń gbà á sílẹ̀ títí òjò yóò fi padà.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí oníkálukú máa fín oògùn sí oko tirẹ̀ nìkan. Bí Lágbájá bá fín in lónìí, tí aládùúgbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ tuntun dé fún kòkòrò nìyẹn. Oògùn kì í sì í tètè kan èyí tó ti wọ ọkàn àgbàdo. Eèrà tó ń bá wa pa á jẹ ni oògùn ń pa.

Àwọn àgbà yóò rántí kòkòrò funfun tó fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Lọ́dún 1981, Abẹ́òkúta wà lára ibi tí àjọ IITA ti kọ́kọ́ tú agbọ́n kékeré kan tí wọ́n mú wá láti Paraguay sílẹ̀. Agbọ́n yìí ló kápá rẹ̀, àgbẹ̀ kò sì na kọ́bọ̀.

Kí abúlé máa gbìn pọ̀ lásìkò òjò àkọ́rọ̀. Kí a máa wọ oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí a fọwọ́ fọ́ ẹyin tó rí bí òwú lára ewé. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Álábàtà máa fi pańpẹ́ ka àfòpiná láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìkìlọ̀ lè dé etí àgbẹ̀ kó tó gbìn.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.