Ta Ni Ó Ni Ẹja Inú Ọbẹ̀?

Àṣà àtijọ́ ni ní ilẹ̀ wa, kò sì tíì tán ní Àrẹ̀mọ, pé baba ni a ń bu ẹja fún, kí ọmọ máa fi omi ọbẹ̀ jẹ ọkà. Bí a bá fún ọmọdé ní ẹyin, wọ́n ní olè ni yóò yà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọdé máa já àgbà ní koro, ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ yìí, a kò lè dákẹ́.

Ohun kan wà nínú oúnjẹ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ará Jámánì kan, Hennig Brand, ni ó rí i ní Hamburg ní ọdún 1669, nígbà tí ó ń se ìtọ̀ lórí iná láti fi wá wúrà. Irú rẹ̀ kan ni a fi kun ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná. Bí a bá pín èyí tí ó wà nínú ara wa sí 100, nǹkan bí 85 ni ó wà nínú egungun àti eyín, níbi tí òun àti kálísíọ́ọ̀mù ti so pọ̀ bí òkúta àti amọ̀ lára ògiri.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n lélẹ̀ ní ọdún 1997 pé mílígíráàmù 700 tó àgbà lóòjọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 9 sí 18 ń fẹ́ 1,250, nítorí pé egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí dáadáa. Ẹni tí a ń fi omi ọbẹ̀ tàn ni àìní rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí ń jẹ ẹja lọ!

Ẹlòmíràn yóò wí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò wọ́n nínú ẹ̀wà àti àgbàdo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú hóró wọn, púpọ̀ rẹ̀ wà nínú ìdè tí ikùn ènìyàn kò lè tú tán, ìdè náà a sì tún máa di kálísíọ́ọ̀mù mú. Ìyá ológì tí ó rẹ àgbàdo rẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3 títí ó fi kan ti tú díẹ̀ nínú rẹ̀, kí onímọ̀ kankan tó sọ fún un. Àmọ́ nígbà tí ó bá sẹ́ ẹ tán, púpọ̀ nínú èyí tí ó kù a bá èérí lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́.

Kálísíọ́ọ̀mù gan-an ni ó wọ́n wa jù. Àwọn dókítà tí wọ́n tọ́jú àwọn ọmọ tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì wọ́, ní Jos, tẹ ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1999: kálísíọ́ọ̀mù, yálà pẹ̀lú fítámìnì D tàbí láìsí i, wò wọ́n sàn ju fítámìnì D nìkan lọ. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ tegungun-tegungun ní kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀. A kò sọ pé kí baba máa jẹ ọkà lásán. Kí a lọ ẹja náà àti edé sínú ọbẹ̀, kí ó lè kárí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ẹlẹ́rìndòdò dúdú, tí ásíìdì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, lè dípò ẹja. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ pàápàá ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ti dókítà rẹ̀, nítorí ìtọ̀ ni ara fi ń da àpọ̀jù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nù. Bí kíndìnrín kò bá lè ṣe é mọ́, egungun ni yóò jìyà rẹ̀.

Nígbà tí a bá jáde lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, àwọn òbí yóò bi wá nípa ọ̀rọ̀ olè. Kí a fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé àwọn ọmọ tí a ti rí tí wọ́n ń jí ẹran nínú ìkòkò, ọmọ tí a kì í fún ní ẹran ni wọ́n.