Àṣìṣe Inú Fọ́ọ̀mù Adójútòfò Ọkọ̀

Láti oṣù kejì ọdún 2025 tí ọlọ́pàá ti tẹra mọ́ yíyẹ ìwé adójútòfò ọkọ̀ wò, àwọn kan nínú wa ní Ṣómólú àti Bàrígà ti fi iléeṣẹ́ tí wọ́n ń bá lò sílẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn. Níbi ìpààrọ̀ yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Alágbàtà a da ohun inú ìwé àtijọ́ kọ, onímọ́tò a sì buwọ́ lù ú láìkà á.

Èyí tó burú jù ni ọkọ̀ tí a kọ pé ti ara ẹni ni, bẹ́ẹ̀ ló ń kó èrò ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ akérò kọ́ ni a la ₦15,000 ti ọdún 2023 sílẹ̀ fún. Bí ó bá kọ lu ọmọ ọlọ́mọ, fọ́ọ̀mù yẹn náà ni iléeṣẹ́ lè fi jà. A kò sì gbà pé alágbàtà nìkan ló jẹ̀bi: ẹni tó buwọ́ lùwé ti jẹ́rìí.

Kí ẹni tó bá rí àṣìṣe kọ lẹ́tà kíákíá, kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Kí ó san owó tó bá ṣẹ́kù, kí ó gba ìwé àtúnṣe, kí ó sì yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wò nínú àkọsílẹ̀ NIID. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kò tó. Kí ó má sì fi báírò tún un ṣe fúnra rẹ̀ o; ayédèrú nìyẹn. Bí iléeṣẹ́ bá kọ̀, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ NAICOM.