Ọ̀RỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ TI Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: FAINT

Ìyá kan nínú àwọn òǹkàwé wa kọ̀wé sí wa pé, ọmọ òun ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì níbi àdúrà ìdílé. Ó dé orí 18 nínú Ìhìnrere Lúùkù, níbi tí Olúwa gbé kọ́ni láti máa gbàdúrà nígbà gbogbo, ó bá ọ̀rọ̀ náà faint pàdé, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ dákú lórí àdúrà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Àwa kò lè bá ọmọ náà wí. Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ni ó ń kà. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí agbára rẹ̀ ń tán lọ, tàbí tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ni wọ́n sábà máa ń wí pé ó faint. Nítorí náà ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ṣe fi àárẹ̀ sí ibẹ̀, wọ́n sì ṣe é re. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ẹnìkan bá wí pé, I fainted, ohun tí a ó gbọ́ ni pé ó dákú: ẹ̀jẹ̀ kò dé ọpọlọ rẹ̀ tó, ó ṣubú, kò sì mọ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá wí pé, I feel faint, òòyì ń kọ́ ọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Bí ó bá ṣe pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, I feel weak ni kí ó wí.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán ni èyí. A mọ aboyún kan tí ó dákú ní ọjà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá, I was weak ni ó wí, wọ́n sì ní kí ó lọ sinmi nílé. Ọkọ rẹ̀ ni ó padà lọ ṣàlàyé bí ọ̀ràn ti rí; nígbà náà ni wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kò tó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá àti ọmọ wà láàyè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ó rẹ̀, kí ó sinmi; ẹni tí ó dákú, kí a tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà; ẹni tí ọkàn rẹ̀ sì ń rẹ̀wẹ̀sì, kí ó má ṣe dẹ́kun àdúrà.