Àtúnyẹ̀wò Iná Oòrùn: Ẹ Yéé Ka Òpó, Ẹ Ka Wákàtí

Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé iná mọ̀nàmọ́ná tí a ń rí láti ara oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ yóò tó ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iná orílẹ̀-èdè yìí ní 2025, àti ìdá 36 ní 2030. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àtúnyẹ̀wò, 36 sì di 30. Ní 2021, ní ìpàdé Glasgow, Ààrẹ Muhammadu Buhari tún dá ọdún 2060 gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a ó bọ́ lọ́wọ́ èéfín tí ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Òǹkà ni wọ́n ń yẹ̀ wò látọjọ́ yìí. Wọn kò yẹ iná fúnra rẹ̀ wò.

Dáàmù bíi Kainji àti Jebba ló kó apá tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kà. (N kò bínú sí omi o, ṣùgbọ́n láti 1968 ni Kainji ti ń ṣiṣẹ́.) Bí a bá yọ omi kúrò, kí ni ará Ọ̀yọ́ lè nawọ́ sí? Òpó sólà ẹ̀bá títì tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí ẹyẹ ń bà lé lásán. Nínú ìwé ọ́fíìsì, iṣẹ́ tí ó ti parí ni.

Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ló dùn mí jù. Bí àsìkò mángòrò bá dé, èso a pọ̀ títí yóò fi máa jẹrà lójú ọjà, àgbẹ̀ a sì tà á ní gbàǹjo. Yàrá òtútù ni ìbá gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá òtútù kò lè máa dúró de Nẹ́pà. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù mángòrò gan-an ni oòrùn máa ń mú ganrínganrín.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe ètò iná fún àwọn yunifásítì. Bayero ní Kánò gba mẹ́gáwáàtì 7.1, oòrùn àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Yunifásítì àpapọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. LAUTECH, tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Àwáwí yẹn ti tán báyìí: òfin 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára lórí iná rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní Pobè, láàrin àwọn ẹbí wa ní Benin, mẹ́gáwáàtì 25 ni wọ́n ti ń rí láti ara oòrùn láti 2022.

Nítorí náà, kí àjọ ìpínlẹ̀ má ka òpó fún wa mọ́. Kí wọ́n lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, tí ó jóná ní 2020 tí ìjọba sì tún kọ́, kí wọ́n bi àwọn ìyálọ́jà pé wákàtí mélòó ni iná fi ń wà lójúmọ́. Bátìrì kì í lò ju ọdún mélòó kan lọ. Kí owó pípààrọ̀ rẹ̀ wà nínú àdéhùn kí a tó san kọ́bọ̀ fún kọngílá, kí a sì kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ sára òpó.