Ẹni Tó Fi Orúkọ Olórúkọ Wọ̀lú



Àwọn kan ń bi wá pé kí ni ilé-kéú ń fi ìwé ìtàn àròsọ ṣe. Ìwé kan la fẹ́ fi dá wọn lóhùn. By the Sea ni wọ́n ń pè é, ọdún 2001 ló jáde. Abdulrazak Gurnah tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Zanzibar tó sá lọ sí Ìlú Ọba lẹ́yìn ìdojú-ìjọba-dé ọdún 1964. Òun náà ló gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021.

Bàbá ẹni ọdún 65 kan, Saleh Omar, sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Gatwick, ó ní ààbò lòun ń wá, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àpótí tùràrí kékeré kan ló gbé dání. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. (Èyí dùn wá gan-an.) Orúkọ inú ìwé ìrìnnà rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ Rajab Shaaban Mahmud ni, olóògbé tí Saleh fúnra rẹ̀ ti gba ilé mọ́ lọ́wọ́ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ògbufọ̀ èdè Swahili, Latif, olùkọ́ kan ní London, ni wọ́n kàn sí. Ọmọ Rajab ni Latif!

Báyìí ni ìjà ilé ṣe bá bàbá arúgbó dé òkè òkun. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Hussein ló yá Rajab lówó, tó gba ìwé ilé rẹ̀ dúró. Hussein tún yá owó lọ́wọ́ Saleh, ó fi ìwé ilé yẹn kan náà dúró, ó sì lọ láì padà wá. Saleh gba ilé. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwa, kò yẹ kó kánjú. Ṣé kò rántí ohun tí Súrà Bákárà sọ nípa fífún onígbèsè tí ara ń ni ní àyè ni? Ilé mélòó ló wà ládùúgbò wa tí ọmọ ìyá kì í kí ara wọn nítorí ìwé ilé?

Saleh náà kò sinmi. Ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀. Ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ kú kó tó jáde. Nígbà tó yá, Hassan ẹ̀gbọ́n Latif dé, ó dojú kọ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ogún, ìyẹn ló lé e kúrò nílé.

Ibi tó wù wá jù ni ìgbà tí òun àti Latif jókòó ti ara wọn, tí oníkálukú ń sọ èyí tó mọ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ péré ni Latif gbọ́ nílé wọn ní kékeré.

Òbí kan ní òpùrọ́ ni bàbá yìí, kí á má fi ìwé rẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́. Lóòótọ́ ló purọ́. Ọmọ kíláàsì àgbà tó bá ka ìwé yìí ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa tí à ń ṣe ìwé ìròyìn yìí ti jiyàn lé e lórí títí di àkókò ìrun Íṣàì, a kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan.