Ojú Irin Tí Ọkọ̀ Kò Gbà Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, rélùwéè kò dé Ọ̀rẹ̀ wa rí. Títì Èkó sí Bìní ni tiwa, ẹni tó bá sì ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín tírélà àti táńkà níbẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ojú irin Ifọ̀ sí Ìdógò fi ká wa lára. Ọkọ̀ èrò kò gbà á mọ́, igbó ló ń jẹ ẹ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1979 sí 1986, wọ́n sọ irú rẹ̀ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti Bristol dé Bath, máìlì 13. Rélùwéè kì í gun òkè gàgàrà, nítorí náà ojú ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, afárá sì ti wà nílẹ̀. Tiwọn, fàájì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwa dà, ta ló ráyè fàájì? Àpò gaàrí àti kẹ́ẹ̀gì epo ni kẹ̀kẹ́ tiwa ń rù.

Kí ìjọba má jẹ́ kí wọ́n gé ilẹ̀ yẹn tà. Kí wọ́n fún kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀; bí ọkọ̀ bá máa padà lọ́la, ọ̀nà á ṣì wà lódidi. Bó bá ṣeé ṣe níbẹ̀, àwa náà á lẹ́nu láti béèrè ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ọ̀rẹ̀.